Kí ni ara ẹja ń rí lára bakitéríà? Àlàyé lórí purotéènì, áńtíbọ́dì àti àjẹsára ẹja

Ní ọdún 2022, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀, ẹja àti àwọn ẹran inú omi mìíràn tí ènìyàn ń sìn pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń fi àwọ̀n kó nínú òkun, odò àti ọ̀sà lọ. Àjọ FAO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ ọ̀gbìn lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló gbé ìṣirò náà jáde ní ọdún 2024: mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 94.4 ni wọ́n sìn, mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 91 ni wọ́n sì pa nínú omi tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú. Bí ẹja ṣe ń pọ̀ sí i nínú àgò àti nínú adágún ni àwọn bakitéríà tó ń pa wọ́n ń rí ààyè sí i, nítorí pé níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja bá ti jọ ń mí nínú omi kan náà, àìsàn ẹyọ kan kì í pẹ́ kó tó di ti gbogbo wọn. Oògùn apakòkòrò, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ẹja kọ́kọ́ ń sá tọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó tó ni àwọn bakitéríà tí oògùn náà kò ràn ń pọ̀ tó, kì í sì í ṣe inú omi ẹja nìkan ni irú àwọn bakitéríà bẹ́ẹ̀ ń dúró sí. Ìdí nìyí tí àjẹsára fi di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá.

Nínú ìwákiri yìí, ìròyìn kan náà ń jáde lemọ́lemọ́ láti àwọn yàrá ìwádìí káàkiri ayé. Wọ́n á ní àwọn ti rí purotéènì kan lára bakitéríà tó ń pa ẹja, àwọn ti fún ehoro tàbí eku ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ara ẹranko náà sì ti pèsè áńtíbọ́dì rẹpẹtẹ, ìyẹn àwọn purotéènì tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe láti fi lẹ̀ mọ́ ohun àjèjì. Láti ibẹ̀ ni àwọn tó ń ka ìròyìn náà ti máa ń parí èrò sí pé àjẹsára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Mo gbà pé ohun tí ara ehoro bá sọ fún wa nípa purotéènì kan níye lórí púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹja yóò bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yóò máa retí ohun tí ìwádìí náà kò ṣèlérí.

Ohun tí ara ẹranko máa ń bá pàdé nígbà tí bakitéríà bá wọlé ni àwọn purotéènì àti ṣúgà tó wà ní ìta ara kòkòrò náà, pẹ̀lú àwọn májèlé tó ń tú síta. Iṣẹ́ àwọn purotéènì wọ̀nyí kò dọ́gba. Àwọn kan ló para pọ̀ di irun tí bakitéríà fi ń wẹ̀ nínú omi, àwọn kan ló fi ń dì mọ́ awọ àti ìfun ẹja, àwọn kan sì ń dá ihò sí sẹ́ẹ̀lì ẹja lára, gẹ́gẹ́ bí aerolysin tí bakitéríà Aeromonas hydrophila ń ṣe. Àwọn mìíràn tún wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gba irin lọ. Ara ẹja, gẹ́gẹ́ bíi ti ènìyàn, máa ń di irin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mú gírígírí kí kòkòrò má bàa rí i lò, bakitéríà tí kò bá sì rí irin kò lè bí sí i. Ìgbà tó bá ti wọ inú ara tí irin ti ṣọ̀wọ́n ló máa ń yọ àwọn purotéènì agbarin yìí síta. Bí wọ́n bá ń sìn ín nínú oúnjẹ yàrá ìwádìí tí irin kún inú rẹ̀, kò ní yọ wọ́n. Ẹni tó bá ń fi irú bakitéríà tó jẹ àjẹyó irin bẹ́ẹ̀ ṣe àjẹsára lè máa kọ́ ara ẹja láti dá ohun tí kò ní bá pàdé mọ̀.

Aeromonas salmonicida ni àpẹẹrẹ tó hàn kedere jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ méjì, Emmerich àti Weibel, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1894, lára àwọn ẹja trout tó ń kú níbi tí wọ́n ti ń sìn wọ́n. Àìsàn tó ń fà, furunculosis, máa ń yọ eéwo sínú ẹran ara ẹja salmon àti trout, ó sì lè pa ọmọ ẹja kí eéwo kankan tó hàn. Bakitéríà yìí, nígbà tó bá lágbára àtipa ẹja, máa ń wọ ẹ̀wù kan tí ó fi purotéènì ẹyọ kan ṣoṣo hun, èyí tí wọ́n ń pè ní VapA, tí ó tò jọ létòlétò yí gbogbo ara rẹ̀ ká. Ẹ̀wù náà ni kì í jẹ́ kí àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, tó yẹ kí wọ́n lu ara kòkòrò náà ní ihò, lè pa á. Bí wọ́n bá wá ń sin bakitéríà yìí nínú ooru tó ju èyí tó bá a lára mu lọ, bóyá ní 26°C tàbí 30°C, àwọn tó ti bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ ló máa ń gbilẹ̀ láàárín wọn, àwọn yẹn kì í sì í sábà lè pa ẹja mọ́. Nítorí náà, ìwọ̀n ooru tí wọ́n yan sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sin kòkòrò tó láti yí ohun tó wà nínú ìgò àjẹsára padà, kí ẹja kankan tó rí i.

Kí ló wá fa ehoro sínú ọ̀rọ̀ ẹja? Ìdí rẹ̀ rọrùn láti lóye. Ẹja kékeré kò ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí ènìyàn lè fà, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ehoro kan tó fún ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò láìjẹ́ pé ẹranko náà kú. Ara ehoro máa ń fèsì kíákíá sí purotéènì àjèjì, áńtíbọ́dì rẹ̀ máa ń dì mọ́ nǹkan dáadáa, àwọn èròjà tí yàrá ìwádìí sì nílò láti fi ṣe àyẹ̀wò áńtíbọ́dì ehoro ti wà fún títà láti ọjọ́ pípẹ́, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ irú ẹja. Ní ti eku, láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ Köhler àti Milstein ti fi ọ̀nà hàn ní ọdún 1975 tí sẹ́ẹ̀lì eku kan ṣoṣo yóò fi máa ṣe irú áńtíbọ́dì kan náà láìdáwọ́ dúró, eku náà ti di alábàáṣe pàtàkì nínú ìwádìí àìsàn ẹja.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á ya purotéènì náà sọ́tọ̀ láti ara bakitéríà, tàbí kí wọ́n fi jíìnì rẹ̀ sínú bakitéríà mìíràn, E. coli, tí yóò máa bá wọn ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n á pò ó mọ́ èròjà olóròóró kan tó ń ta ara jí, wọ́n á fún ehoro ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ léraléra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn èròjà atarají náà, tí Jules Freund ṣe, ní irú bakitéríà kan, mycobacterium, tó ti kú nínú, ó sì lè dá egbò àti ìrora sílẹ̀ lára ẹranko, èyí tó mú kí àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìtọ́jú ẹranko ìwádìí fi òfin dè é gan-an. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé ìyà tó ń jẹ ẹranko náà jẹ́ ara ìnáwó ìwádìí, ó sì yẹ kí ìbéèrè tí wọ́n torí rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́ jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ lè dáhùn.

Ìbéèrè tí ara ehoro lè dáhùn dáadáa ni èyí: ṣé bakitéríà tó wà níwájú mi yìí ni mò ń wá? Áńtíbọ́dì tí ehoro bá ṣe sí purotéènì kan yóò máa dá purotéènì náà mọ̀ níbikíbi, yálà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja, nínú kíndìnrín rẹ̀ tàbí nínú ẹyin. Ìbéèrè tí kò lè dáhùn ni bóyá ẹja tó bá gba purotéènì yẹn sára yóò yè nígbà tí àìsàn bá dé. Ìdí kan ni pé purotéènì tí E. coli ṣe kì í fi gbogbo ìgbà ká ara rẹ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo áńtíbọ́dì ehoro sì máa ń tú purotéènì sílẹ̀ gbọọrọ kí wọ́n tó fi hàn án. Áńtíbọ́dì lè tipa bẹ́ẹ̀ dá apá kan mọ̀ tó jẹ́ pé inú ni ó fara pamọ́ sí lára bakitéríà alààyè, níbi tí ọwọ́ áńtíbọ́dì kankan kò lè tó.

Ìdí tó tún tóbi jù lọ ni pé ara ẹja yàtọ̀. Ẹja kò ní mùdùnmúdùn inú eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ bí i ti ehoro. Apá iwájú kíndìnrín rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Áńtíbọ́dì tí ehoro gbójú lé jù lọ, IgG, kò sí lára ẹja rárá. IgM ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja eléegun, ẹyọ mẹ́rin ló sì sábà máa ń so pọ̀ lára rẹ̀, kì í ṣe márùn-ún bí i ti ènìyàn àti eku. Ní ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ rí irú mìíràn tí ẹranko elégungun mìíràn kò ní, tí wọ́n pè ní IgT lára trout, tí wọ́n sì pè ní IgZ lára zebrafish. Nígbà tó di ọdún 2010, ìwádìí lórí trout fi hàn pé IgT yìí ló ń ṣọ́ ìfun, bí IgA ṣe ń ṣọ́ ìfun ènìyàn. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé awọ, ìfun àti ibi tí ẹja fi ń mí ni ọ̀pọ̀ bakitéríà inú omi ń gbà wọlé, tí ẹni tó bá sì wo kìkì ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè má rí ibi tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Kódà àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe áńtíbọ́dì lára trout tún lè gbé bakitéríà mì fúnra wọn, ohun kan tí ìwádìí ọdún 2006 fi hàn, tó sì ya àwọn tó ti fi ara eku kọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu.

Ìwọ̀n ooru tún dá kún un. Ara ehoro wà ní nǹkan bí 39°C ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n bí omi bá ṣe rí ni ara ẹja ṣe ń rí. Nínú omi tútù, àbájáde abẹ́rẹ́ máa ń lọ́ra, áńtíbọ́dì sì lè má hàn títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò fi kọjá. Àwọn tó ń sin salmon kì í kàn ka ọjọ́ lẹ́yìn àjẹsára. Wọ́n máa ń sọ iye ọjọ́ di púpọ̀ ní iye ìwọ̀n ooru omi, ọ̀pọ̀ wọn sì ń lo nǹkan bí 500 gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹja ti lè lọ sínú òkun. Nínú omi tó wà ní 10°C, ìyẹn jẹ́ 50 ọjọ́. Nínú omi 5°C, ó di 100 ọjọ́. Kò sí ohunkóhun nínú ẹ̀jẹ̀ ehoro tó lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹja cod inú òkun Àtìláńtíìkì ló wá mú kí ọ̀rọ̀ áńtíbọ́dì yìí gba àròjinlẹ̀. Ní ọdún 2011, nígbà tí wọ́n ka gbogbo jíìnì rẹ̀ tán, wọ́n rí i pé ó ti sọ àwọn jíìnì MHC II àti CD4 nù, àwọn ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹranko elégungun kò lè ṣe aláìní bí ó bá fẹ́ ṣe áńtíbọ́dì gidi sí bakitéríà. Lóòótọ́, bí wọ́n bá fún cod ní àjẹsára, áńtíbọ́dì tó ń ṣe sí i kì í tó nǹkan. Síbẹ̀, cod tó gba àjẹsára Vibrio anguillarum máa ń yè nígbà tí bakitéríà náà bá dé. Bí ẹja bá lè ní ààbò láìsí áńtíbọ́dì púpọ̀, a jẹ́ pé kíka áńtíbọ́dì nìkan, yálà lára ehoro tàbí lára ẹja pàápàá, kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n kan ṣoṣo.

Òdìkejì rẹ̀ ni purotéènì p57, èyí tí Renibacterium salmoninarum ń ṣe, bakitéríà tó ń ba kíndìnrín salmon jẹ́, tí wọ́n kọ́kọ́ ròyìn àìsàn rẹ̀ láti Odò Dee ní Sìkọ́tílàǹdì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Purotéènì yìí pọ̀ lápọ̀jù lára bakitéríà náà, ó sì ń tú u sínú ara ẹja. Ehoro, ewúrẹ́ àti eku máa ń ṣe áńtíbọ́dì tó lágbára sí i, ẹni tó bá sì wo ìyẹn nìkan yóò ní àjẹsára ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ara ẹja fúnra rẹ̀, p57 máa ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ so pọ̀, ó sì máa ń tẹ agbára ara láti gbèjà rí. Fífún ẹja ní ohun tó ń pa agbára rẹ̀ kú kò lè jẹ́ ọ̀nà tó dára jù láti dáàbò bò ó. Síbẹ̀, iṣẹ́ ehoro àti eku kò já sí asán níhìn-ín. Bakitéríà yìí ń gba inú ẹyin kọjá láti ara ìyá dé ara ọmọ, níbi tí oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹyin kò lè dé. Ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn ibi tí wọ́n ti ń pa ẹyin salmon máa ń fi áńtíbọ́dì wọ̀nyí wá p57 nínú kíndìnrín ìyá ẹja, wọ́n sì máa ń da ẹyin àwọn ìyá tí p57 bá pọ̀ lára wọn nù. Lójú tèmi, ọ̀nà tó dára jù lọ láti lo ohun tí ara ehoro mọ̀ nìyẹn.

Àjẹsára ẹja ti ní ìtàn tó gùn, àwọn ibi tó ti yọrí sí rere nínú rẹ̀ sì wà. Ní ọdún 1942 ni olùwádìí kan tó ń jẹ́ Duff, ní Kánádà, fi Aeromonas salmonicida tí wọ́n ti pa sínú oúnjẹ trout, tí iye ẹja tó kú sì dín kù. Oògùn apakòkòrò tó dé láàárín ọdún díẹ̀ sí i ló mú kí àwọn ènìyàn gbàgbé ọ̀nà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 1976 tí Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí àjẹsára ẹja àkọ́kọ́ fún títà, èyí tó wà fún Yersinia ruckeri, bakitéríà tí ń mú kí ẹnu trout pọ́n. Ní Nọ́wè, àwọn tó ń sin salmon lo oògùn apakòkòrò tó sún mọ́ 50 tọ́ọ̀nù ní ọdún 1987, nígbà tí gbogbo ẹja tí wọ́n sìn kò ju nǹkan bí 50,000 tọ́ọ̀nù lọ. Lónìí, salmon tí wọ́n ń sìn níbẹ̀ ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ lọ́dọọdún, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò kò sì tó tọ́ọ̀nù kan. Abẹ́rẹ́ olóròóró tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1990 ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ibi ìsìn sinmi kí wọ́n tó kó ẹja tuntun síbẹ̀. Ó ní ohun tó ná ẹja: òróró inú abẹ́rẹ́ náà máa ń mú kí àwọn nǹkan inú ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Ní Ṣílè, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Piscirickettsia salmonis, tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1989, ni olórí ohun tó fà á tí wọ́n fi ń lo ju 300 tọ́ọ̀nù oògùn apakòkòrò lọ ní ọ̀pọ̀ ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjẹsára fún un pọ̀ lórí àtẹ. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹja ni bakitéríà yìí ń gbé, pàápàá jù lọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí wọ́n gbé e mì kí wọ́n sì pa á. Áńtíbọ́dì tó ń káàkiri inú ẹ̀jẹ̀ kì í lè tẹ̀ lé e dé ibẹ̀, nítorí náà ó gba pé kí ara ẹja kọ́ bí yóò ṣe máa pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti gbà. Bakitéríà tí wọ́n ti pa, tàbí purotéènì rẹ̀, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún sínú ara kì í sábà kọ́ ara ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí áńtíbọ́dì tó ń mú wá pọ̀ tó.

Bakitéríà pàápàá kì í dúró sójú kan. Irú Yersinia ruckeri kan tó ti sọ irun ìwẹ̀ rẹ̀ nù yọjú láàárín trout tó ti gba àjẹsára, ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, láti ara ìyípadà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ṣẹlẹ̀ láàyè ara wọn. Purotéènì irun yẹn wà lára àwọn ohun tí ara ẹranko, láti orí ẹja dé orí ènìyàn, tètè máa ń dá mọ̀.

Nígbà tí ìròyìn purotéènì tuntun bá wá jáde, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá ni bóyá wọ́n mú ẹja tó gba àjẹsára àti èyí tí kò gbà, tí wọ́n sì kó bakitéríà alààyè bá àwọn méjèèjì. Bí 60 nínú 100 ẹja tí kò gbà á bá kú, tí 24 péré sì kú nínú 100 tó gbà á, àjẹsára náà ti gba ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ì bá kú là. Nọ́ńbà yìí ju gígùn ìlà áńtíbọ́dì nínú àwòrán èyíkéyìí lọ. Ó ṣì kù kí ènìyàn béèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà kó bakitéríà náà bá wọn, nítorí pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún kòkòrò sínú ikùn ẹja ti fo awọ àti ìfun kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni àìsàn nínú adágún kì í gba ibẹ̀ wọlé. Àti bóyá oṣù kan lẹ́yìn àjẹsára ni wọ́n dán an wò tàbí oṣù mẹ́wàá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n ń sìn ń pẹ́ jù oṣù kan lọ kí wọ́n tó kó wọn.

Nítorí gbogbo èyí ni àwọn kan ṣe fi yíyan purotéènì ẹyọ kan sílẹ̀, tí wọ́n sì padà sí bakitéríà alààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, èyí tí yóò wọ inú ẹja, tí yóò sì fúnra rẹ̀ yọ àwọn purotéènì tó ń yọ nígbà àìsàn, nínú ìwọ̀n ooru omi gan-an. Irú rẹ̀ fún Edwardsiella ictaluri, tó ń pa ẹja abirùngbọ̀n tí wọ́n ń sìn ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dé ọjà ní ọdún 2000, inú omi ni wọ́n sì ń bù ú sí fún ọmọ ẹja tí kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, nígbà tí ara wọn kò tíì gbó tó láti rántí ohun tí wọ́n kọ́ dáadáa. Àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Mississippi níbẹ̀ wá yí padà sí pípò ó mọ́ oúnjẹ ẹja tó ti dàgbà díẹ̀, kí ó lè gba ìfun wọlé. Ohun tí àwọn aláṣẹ ń béèrè lọ́wọ́ irú àjẹsára bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí pé agbára bakitéríà náà kò ní padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tó bá ti dé inú adágún, ẹ̀rí yẹn kò sì lè wá láti ibòmíràn ju ara ẹja fúnra rẹ̀ lọ, láti ìran kan sí òmíràn.